Ibi tí wọ́n ti rí i pé ọ̀rá lè bá wa tọ́jú ooru

Tẹ́ ẹ bá ti gbé ìgò epo pupa sílẹ̀ mọ́jú lásìkò ọyẹ́ rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ilẹ̀ á mọ́, epo á ti pín sí méjì, tòkè á ṣì máa ṣàn, á pọ́n dẹ̀dẹ̀, tìsàlẹ̀ á ti dì, àwọ̀ ẹ̀ á sì ti ṣí. Ìyá mi máa ń gbé tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù títí á fi yọ́. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ooru tó ń wọnú epo yẹn ò sọnù, ṣe ló ń sá pamọ́ síbẹ̀, tí epo bá tún dì, ó máa tú u jáde padà.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Joseph Black, ló la ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn èèyàn, ní Glasgow, ní nǹkan bí 1761. Ó rí i pé yìnyín tó ń yọ́ máa ń mu ooru ṣáá láìgbóná sí i, àfi tó bá yọ́ tán. Kì í sì í ṣe ooru kékeré o, èyí tó yọ́ yìnyín kan, tẹ́ ẹ bá kó o fún omi tó wúwo tó o, omi yẹn á fi nǹkan bí 80 dìgírì gbóná sí i.

Ti ọ̀rá wá lẹ́yìn. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Chevreul bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọṣẹ wò láti 1811, ó wá rí i pé ọ̀rá kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, ásíìdì ló so mọ́ glísẹ́rìn. Ní 1840, Frémy rí ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì yẹn nínú epo pupa, ara ọ̀pẹ ni wọ́n sì ti fún un lórúkọ: palmitic. Lásìkò yẹn, epo láti etíkun wa ti ń lọ sí Liverpool fún ọṣẹ àti àbẹ́là.

Ní 1948, Maria Telkes, ọmọ Húńgárì, fi iyọ̀ kan gba ooru oòrùn sínú ilé kan ní Dover, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Iyọ̀ yẹn máa ń yọ́ ní nǹkan bí 32 dìgírì. Iṣẹ́ ńlá ni, mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin yẹn gan-an, àmọ́ láàárín ọdún mélòó kan iyọ̀ náà dá wọn lágara: tó bá yọ́, apá kan á rọ̀ sísàlẹ̀ tí kò ní padà dara pọ̀ mọ́ ìyókù, nígbà míì ó máa tutù kọjá ibi tó yẹ kó ti dì, síbẹ̀ kò ní dì, ooru á há sínú ẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rá ti dáa jù ú lọ, torí ibi tó ti ń yọ́ ò jìnnà síbi tó ti ń dì. Wàhálà epo pupa ni pé oríṣiríṣi ọ̀rá ló wà nínú ẹ̀, kálukú sì ń dì nígbà tiẹ̀, bó ṣe pín sí méjì nínú ìgò yẹn. Tí wọ́n bá yọ glísẹ́rìn kúrò tí wọ́n fi ọtí mẹ́tánọ́ọ̀lù rọ́pò ẹ̀, ó di ẹ́sítà, wọ́n á sì lè ya wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn ásíìdì inú ọ̀rá, ẹ́sítà ti palmitic ń yọ́ ní nǹkan bí 30 dìgírì, ti stearic ní nǹkan bí 38. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti oleic, iye kábọ̀n tó wà nínú ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti stearic, àmọ́ okùn kábọ̀n ẹ̀ tẹ̀ láàárín, àwọn tó gún bọrọgidi máa ń tò tira wọn bí igi ìdáná, èyí tó tẹ̀ ò lè tò, nítorí títẹ̀ kan ṣoṣo yẹn kò ní dì àfi tó bá tutù kọjá yìnyín dáadáa, ní nǹkan bí 20 dìgírì sísàlẹ̀ òdo.

Ní yunifásítì Concordia, ní Montreal nílẹ̀ Kánádà, Dorel Feldman àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá fi butyl stearate, ẹ́sítà míì tó wá látara stearic, sínú pákó jípúsọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe ògiri, wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde ní 1991. Nǹkan bí 19 dìgírì ló ń yọ́, ó bá ilé wọn mu. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ó lè gbaná, ooru ò sì tètè gba inú ẹ̀ kọjá, èyí tó bá kọ́kọ́ dì máa ń bo ti inú bí aṣọ òtútù.

Tẹ́ ẹ bá gbé pákó yẹn wá sí Ìbàdàn, kò ní dì lọ́pọ̀ òru, torí ilẹ̀ wa kì í sábà tutù tó 19. Èyí tó ń yọ́ ní 30 ló sún mọ́ ti wa, ìyẹn ti palmitic, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú epo pupa.