Fọ́nrán nánò fún iṣan orúnkún tó já

Fọ́nrán nánò ni òwú tín-ín-rín tí wọ́n sábà máa ń fi iná mànàmáná fà, irun orí èèyàn fi ìlọ́po tó lé ní 50 nípọn jù ú lọ. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ń dán an wò láti fi tún ACL ṣe, ìyẹn iṣan àárín orúnkún tó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun, òun náà ló já lẹ́sẹ̀ Rodri ti Manchester City nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Arsenal ní September 2024.

Wàhálà ACL ni pé tó bá ti já pátápátá kì í sábà so pọ̀ fúnra ẹ̀, torí omi inú orúnkún kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì síbi tó ti já, bẹ́ẹ̀ orí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ló yẹ kí sẹ́ẹ̀lì dúró sí kó lè hun iṣan tuntun. Ohun tí dókítà máa ń ṣe ni kó gé iṣan míì lára ẹni náà, bóyá lẹ́yìn itan, kó fi rọ́pò ẹ̀. Okùn àtọwọ́dá bíi Gore-Tex tí wọ́n lò láàárín ọdún 1980 sí 1990 ò bá wọn dé ibi kankan, ọ̀pọ̀ ẹ̀ gbó, ó já, èérún ẹ̀ sì ń mú kí orúnkún wú.

Fọ́nrán nánò ni wọ́n fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rí dúró sí. Bí wọ́n ṣe ń fa fọ́nrán yìí ni pé wọ́n á yọ́ pọ́límà bíi PCL, ìyẹn irú ike kan, sínú kẹ́míkà, wọ́n á fà á sínú síríńjì, wọ́n á wá gbé iná tó tó 10,000 sí 30,000 fóòtì sẹ́nu abẹ́rẹ́ ẹ̀. Iná yẹn á na ẹ̀kán omi náà títí á fi di òwú, kẹ́míkà á ti gbẹ kó tó balẹ̀ sórí rólà tó ń yí. Eré tí rólà yẹn ń sá gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: tó bá ń yára, òwú á tò sọ́nà kan náà bíi kọ́lájìn, ìyẹn òwú purotéènì inú iṣan gidi, sẹ́ẹ̀lì á sì na ara ẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ, àmọ́ tí òwú bá rí wúruwùru, sẹ́ẹ̀lì náà á rí wúruwùru.

Agbára ló ṣì kù. ACL ọ̀dọ́ lè gba ẹrù bíi 200 kílò kó tó já, fọ́nrán nánò lásán ò lè dé bẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ́ ọ pọ̀ tàbí kí wọ́n dì í bí irun.

Físíò, ìyẹn ìdárayá ìwòsàn, ò sì ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ o, ó sábà máa ń gbà tó oṣù 9 kí agbábọ́ọ̀lù tó padà sórí pápá. Fífà díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì hun kọ́lájìn, kódà ní láàbù, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa fọ́nrán tó ní sẹ́ẹ̀lì lára, tí wọ́n á tún dẹ̀ ẹ́, léraléra.