Cysteine: bí imí-ọjọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, àti ibi tí wàhálà ti ń wọlé

Ogún ni ásíìdì amínò tí ara fi ń kọ́ purotéènì. Méjì péré nínú wọn ló ní imí-ọjọ́: methionine àti cysteine. Imí-ọjọ́ ti methionine há sí àárín. Ti cysteine wà ní góńgó ẹ̀ka rẹ̀, háídírójìn kan ṣoṣo ló bò ó, háídírójìn náà sì máa ń tètè bọ́. Bó bá ti bọ́, imí-ọjọ́ yóò wá nǹkan mìíràn dì mọ́: cysteine mìíràn, irin, síńkì, tàbí májèlé tó ń kọjá lọ.

Bí cysteine méjì bá dì mọ́ra báyìí, ìdè tó wà láàárín wọn ló ń mú kí purotéènì dúró bó ṣe yẹ. Ẹ wo ínsúlìn. Ásíìdì amínò 51 ló wà nínú rẹ̀, lórí ẹ̀wọ̀n méjì: 21 lórí ọ̀kan, 30 lórí èkejì. Ìdè imí-ọjọ́ méjì ló so ẹ̀wọ̀n kan mọ́ èkejì, ẹ̀kẹta wà lórí èyí tó kúrú. Bí wọ́n bá já, ẹ̀wọ̀n méjèèjì á tú ká, ínsúlìn ò sì ní lè ká ṣúgà lọ́wọ́ kò mọ́. Irun orí náà kún fún irú ìdè yìí. Rìláásà tó ní sódà kọ́sítíìkì máa ń yọ imí-ọjọ́ kan dànù nínú ìdè náà, èyí tó kù ò sì lè padà sí bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí irun tí wọ́n ti nà kì í fi í ká mọ́, àfi èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Ara lè fi methionine ṣe cysteine fúnra rẹ̀, fítámì B6 ló ń ràn án lọ́wọ́. Ẹyin, ẹja àti ẹran ló sì ń kó méjèèjì wá jù.

Inú ẹ̀dọ̀ ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Níbẹ̀, cysteine, glutamate àti glycine máa ń para pọ̀ di glutathione, olùṣọ́ tó ń gba májèlé mú. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, cysteine ló máa ń wọ́n, nítorí náà òun ló ń pinnu iye glutathione tí ẹ̀dọ̀ lè ṣe.

Paracetamol ló ń fi èyí hàn kedere. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lo ju mílígíráàmù 4,000 lọ láàárín wákàtí 24, ìyẹn hóró mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500. Ẹ̀dọ̀ ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di ohun tó ń bá ìtọ̀ jáde láìpani lára. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń di májèlé kan tí wọ́n ń pè ní NAPQI, imí-ọjọ́ glutathione á sì gbá a mú lójú ẹsẹ̀. Bí oògùn náà bá wá pọ̀ ju agbára ẹ̀dọ̀ lọ, NAPQI á pọ̀ sí i, glutathione á sì máa tán lọ. Nígbà tí èyí tó kù ò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó yẹ kó wà mọ́, NAPQI á lọ dì mọ́ cysteine tó wà lára àwọn purotéènì ẹ̀dọ̀ gan-an, àwọn sẹ́ẹ̀lì á sì bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé paracetamol wà nínú oògùn ọ̀fìnkìn pẹ̀lú. Wọ́n á lo méjèèjì pọ̀.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ọjọ́ kìíní máa ń tanni jẹ. Èébì lè gbéni, ó sì lè má sí nǹkan kan rárá. Ọjọ́ kejì ni abẹ́ ìhà ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí dunni. Tó bá di ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin, ojú lè di pípọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní fẹ́ dì mọ́.

Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ni acetylcysteine, cysteine tí wọ́n tún ṣe kó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì dáadáa. Nínú ètò tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, wọ́n á fi dírípù fún aláìsàn ní mílígíráàmù 150 fún kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan ní wákàtí àkọ́kọ́, 50 láàárín wákàtí mẹ́rin, lẹ́yìn náà 100 láàárín wákàtí 16. Ẹni tó wọn kílógíráàmù 60 yóò gba gíráàmù 9, 3 àti 6. Àpò àkọ́kọ́, tó ń yára wọlé jù, ló sábà máa ń fa ara yíyún tàbí èémí tó ń há. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí mẹ́jọ tó pé lẹ́yìn tí ènìyàn gbé oògùn náà mì, ẹ̀dọ̀ kì í sábà bàjẹ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀gẹ́ náà ń ná cysteine. Èròjà kan tó wà nínú rẹ̀, linamarin, máa ń tú májèlé cyanide sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á fi imí-ọjọ́ kún cyanide yìí, á di thiocyanate, á sì bá ìtọ̀ lọ. Inú cysteine àti methionine ni imí-ọjọ́ yẹn ti ń wá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ò ní tó. Ẹni tó ń jẹ gààrí àti láfún lójoojúmọ́ láìsí ẹja tàbí ẹyin ń gba májèlé láìgba ẹ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun ti Ìbàdàn ṣèwádìí nípa àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ gan-an, tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí ìrìn wọn ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ojú àti etí wọn sì ń ṣòro lò: thiocyanate pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn ásíìdì amínò onímí-ọjọ́ sì lọ sílẹ̀. Rírẹ ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe àṣejù. Ní Congo àti Mozambique, nígbà ọ̀dá tàbí ìyàn tí wọ́n ń gé ọjọ́ rírẹ kúrú, ni àrùn konzo máa ń rọ àwọn ọmọdé lẹ́sẹ̀ lójijì.

Cysteine tún lè pọ̀ síbi tí kò yẹ. Nínú àrùn àbínibí cystinuria, kíndìnrín kì í lè gba cystine, ìyẹn cysteine méjì tó so pọ̀, padà kúrò nínú ìtọ̀. Nǹkan bíi mílígíráàmù 250 ló lè yòrò nínú lítà ìtọ̀ kan. Ohun tó bá lé á di kóró onígun mẹ́fà, kóró á sì di òkúta. Omi ni ìtọ́jú àkọ́kọ́: kí ìtọ̀ tó lítà mẹ́ta lójúmọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé aláìsàn á máa jí mu omi lóru. Potassium citrate á dín kíkan ìtọ̀ kù. Bí òkúta ò bá dáwọ́ dúró, wọ́n á fi oògùn tiopronin kún un. Òun náà ní imí-ọjọ́, á já ìdè àárín cysteine méjèèjì, á so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀kan, ohun tí wọ́n jọ dà yìí sì ń yòrò nínú ìtọ̀ dáadáa.