Mọ́tò slot car fún àwọn ọmọ-ọmọ: èwo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní slot car, mọ́tò ìṣeré tó ń fi iná sáré nínú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lójú títì oníke. Kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ní báyìí mo fẹ́ ra tèmi, kí n sì fi àwọn ọmọ-ọmọ mi mẹ́ta ṣe àwáwí: ọmọ ọdún 11, 8 àti 5 ni wọ́n. Àmọ́ nígbà tí mo wo ohun tí wọ́n ń tà, orí mi dàrú. Díjítà, áàpù, 1:32, 1:43. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká fi díjítà sílẹ̀ ná, mà. Ilẹ̀ tí ẹ ní ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà bíi 1:32 kàn ń sọ bí mọ́tò ṣe kéré tó ni: tí ẹ bá to 32 irú rẹ̀ sí ìlà kan, wọ́n á gùn tó mọ́tò gidi kan. Mọ́tò gidi tó gùn ní mítà 4.5 á jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 ní 1:32, á lé díẹ̀ ní 10 ní 1:43, á sì jẹ́ 7 péré ní 1:64. 1:24 náà wà, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ tó ní gbọ̀ngàn tiwọn ló bá mu jù.

1:32 ni Scalextric, ilé-iṣẹ́ slot car tó ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1957, ń ṣe jù, òun náà sì ni Carrera, ilé-iṣẹ́ mìíràn, ń lò fún páálí tó pè ní Evolution àti Digital 132. Abala títì gbọọrọ kan ti Scalextric jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35. Tí ẹ bá to méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ wá fi kọ́ńà dí orí àti ìdí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà kan ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ òbìrípo lásán nìyẹn, kò tíì ní ibì kan tó dùn-ún wò. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí lálaalẹ́ kí ẹlòmíràn tó ráyè kọjá, 1:43 bíi Carrera GO!!! ló máa dín ìyọnu kù. Bí ẹ bá ní igun yàrá tí títì náà lè wà fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, 1:32 ni kí ẹ mú. Ó tóbi lọ́wọ́, ọmọ ọdún 5 sì lè dá a padà sínú ihò fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹni tó ń tajà ní tí n bá ra díjítà, mọ́tò méjì lè wà nínú ihò kan ṣoṣo, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì máa darí tirẹ̀. Báwo ni ìyẹn ṣe lè ṣeé ṣe? Ṣebí iná kan náà ló ń gbé àwọn méjèèjì?

Ìdáhùn: Ìbéèrè tó jinlẹ̀ nìyí, ọ̀pọ̀ ẹni tó sì ń tà á gan-an kò lè dáhùn rẹ̀. Nínú irú ti ẹ̀gbọ́n yín, tí wọ́n ń pè ní ánálọ́ọ̀gù, rìmóòtù ọwọ́ ọmọ kò bá mọ́tò ní nǹkan kan pọ̀. Irin ló ń bá ṣe. Ihò kọ̀ọ̀kan ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rìmóòtù sì dà bí ẹnu ẹ̀rọ omi: bí ọmọ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ni iná tó ń wọnú irin náà ṣe máa pọ̀ tó. Mọ́tò yòówù tó bá wà lójú irin yẹn, iná yẹn ló máa jẹ. Ẹ gbé méjì sí i, wọ́n á jọ sáré, wọ́n á jọ dúró.

Ní ti díjítà, iná kì í kúrò lójú irin. Ohun tí rìmóòtù ń fi ránṣẹ́ ni àṣẹ, àpótí ìdarí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á sì gba inú irin kan náà tí iná ń gbà fi àṣẹ yẹn ránṣẹ́ sí gbogbo mọ́tò. Inú mọ́tò kọ̀ọ̀kan ni chip kékeré kan wà tó mọ nọ́ńbà tirẹ̀. Tí àṣẹ bá ní kí nọ́ńbà 3 rọra, nọ́ńbà 3 nìkan ló máa rọra. Nọ́ńbà 1 tó wà níwájú rẹ̀ nínú ihò kan náà á máa bá tirẹ̀ lọ. Nípa báyìí, díjítà Scalextric àti Carrera Digital 132 lè gba mọ́tò 6 lẹ́ẹ̀kan náà lórí títì oníhò méjì.

Bí mọ́tò ṣe ń yà ló dùn mọ́ mi jù. Bọ́tìnnì kan wà lára rìmóòtù. Tí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́, gílóòbù kékeré kan lábẹ́ mọ́tò, tí ojú èèyàn kò lè rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, á ta àmì sí ojú kan tí wọ́n rì mọ́ inú abala títì tó ní oríta. Ahọ́n oníke tó wà ní oríta náà á yí, mọ́tò á sì bọ́ sínú ihò kejì. Gbogbo rẹ̀ á ti parí kí ojú tó ṣẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú ra díjítà nìyẹn?

Ìdáhùn: Tèmi ni pé kí ẹ má tíì rà á. Ọmọ ọdún 5 ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dẹ ọwọ́ kí kọ́ńà tó dé; tí ẹ bá fi bọ́tìnnì kún un, ẹkún ló kù. Ẹ ra ánálọ́ọ̀gù tí títì rẹ̀ ṣeé sọ di díjítà lọ́la. Títì Carrera Evolution, tó jẹ́ ánálọ́ọ̀gù, kò yàtọ̀ sí ti Digital 132, ti Scalextric 1:32 náà sì ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yín lẹ́nu, àpótí ìdarí, rìmóòtù, abala oríta àti mọ́tò oní-chip ni ẹ máa fi kún un. Mọ́tò tí kò ní chip kò gbọ́dọ̀ gun títì tó ń ṣiṣẹ́ bíi díjítà: iná kíkún ló máa bá níbẹ̀, á sì fò.

Carrera GO!!! kò so mọ́ Evolution o, bẹ́ẹ̀ ni Micro Scalextric, tó jẹ́ 1:64, kò so mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ 1:32. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni, ẹnu wọn ò wọra.

Àti pé ọmọ mẹ́ta lórí ihò méjì kì í ṣe ìṣòro. Nínú ẹgbẹ́ àwọn eléré ìje gidi, ẹni tí kò sáré ló ń dúró ní kọ́ńà láti gbé mọ́tò tó bá fò padà sójú ọ̀nà. Ẹ yan ipò yẹn fún ẹni kẹta, kí wọ́n máa pààrọ̀ ara wọn. Àbíkẹ́yìn lè má fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Àgbà ni yóò máa borí lójoojúmọ́. Mo mọ bó ṣe ń rí.

Ìdáhùn: Ẹ wo ìsàlẹ̀ mọ́tò. Òòfà wà níbẹ̀ tó ń fà á mọ́ irin kó má fò ní kọ́ńà. Ẹ fi òòfà sílẹ̀ lára ti àbúrò, kí ẹ yọ ti ẹ̀gbọ́n. Ìdí mọ́tò ẹ̀gbọ́n á máa gbá sọ́tùn-ún sósì, ọwọ́ rẹ̀ á sì gbọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ nínú eré yìí kì í fẹ́ òòfà rárá. Èyí tí ẹ bá yọ, ẹ tì í pa síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Òòfà tí ọmọ gbé mì lè fa ara wọn nínú ìfun, iṣẹ́ abẹ ló sì ń já sí.

Nǹkan mìíràn tí àwọn ọmọ á tètè rí, tí àgbà kì í fura sí: ihò inú kúrú ju ti òde lọ. Lórí òbìrípo 1:32, ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bí ìdajì mítà nínú ìyípo kan. Ẹ to títì kó gba orí ara rẹ̀ kọjá bíi nọ́ńbà 8, inú ibí á di òde lọ́hùn-ún, ihò méjèèjì á sì gùn dọ́gba. Kò ní sí pé ẹnì kan jókòó síbi tó dáa jù.

Ìbéèrè: Áàpù ńkọ́?

Ìdáhùn: Scalextric ARC lè fi fóònù ka ìyípo, kó ṣe bí ẹni pé epo ń tán tàbí òjò ń rọ̀. Ó dára fún ọmọ ọdún 11. Lójú tèmi, fóònù ni wọ́n á padà máa wò, mọ́tò á sì wà nílẹ̀.

Ìbéèrè: Tí mọ́tò bá dédé dúró?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ yí i dojú bolẹ̀. Lábẹ́ imú rẹ̀ ni ẹ máa rí wáyà híhun méjì tó rí bí okùn bàtà kékeré. Àwọn ló ń gba iná lójú irin. Tí wọ́n bá ti pẹlẹbẹ jù tàbí tí wọ́n hu irun, ẹ fi èékánná tú orí wọn díẹ̀, kí ẹ tẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀ kó lè kan irin. Ẹ yọ irun orí àti òwú kápẹ́ẹ̀tì tó bá lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu irin, ẹ yí táyà lórí sẹlotéèpù kí eruku lè bá a lọ. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, ìtọ́jú yìí nìkan ló fẹ́.

Ìbéèrè: Páálí ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà. Ṣé mo lè lò ó?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ Scalextric, abala àsopọ̀ wà tó ń so títì àtijọ́ mọ́ tuntun. Ilé-iṣẹ́ mìíràn kò ní bá a mu. Ṣùgbọ́n àdápítọ̀ rẹ̀, àpótí kékeré tó ń dín agbára iná kù, ẹ má ki í bọ iná mọ́. Wáyà rẹ̀ ti gbó. Tó bá sì jẹ́ òkè òkun ni ẹ ti fẹ́ ra tuntun, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àdápítọ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tó jẹ́ 120V nìkan, bíi ti Amẹ́ríkà, máa jóná níbi tí iná ilé ti jẹ́ 230V. Bí wọ́n bá kọ 100–240V, orí púlọ́ọ̀gì nìkan ni ẹ máa pààrọ̀.