Ẹ Ṣílẹ̀kùn, A Kì Í Ṣe Ọlọ́pàá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kan ilẹ̀kùn ilé Yorùbá méje. Mẹ́ta ló ṣí. Nínú ọ̀kan lára àwọn tí kò ṣí, ohùn kan dáhùn láti inú pálọ̀ pé, "Kò sẹ́nì kankan nílé o." Ọdún 19 nìyí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ panápaná ní England, ìdáhùn yìí kò tíì yé mi.

Ẹ̀rù tó ń bà yín ló yé mi. Ẹ ti gbà pé ọ̀gá kan náà ló rán gbogbo ẹni tó bá wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló fẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di òótọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2016, abẹ́ Home Office ni wọ́n kó wa sí, ilé-iṣẹ́ kan náà tó ń rí sí ọlọ́pàá àti ìwé ìgbélùú. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n tó dá wa padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé àti káńsù.

Lọ́dún 2017, òfin tún fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá tí aráàlú dìbò yàn láàyè láti fi àkóso panápaná kún tirẹ̀. Essex ló kọ́kọ́ ṣe é, lóṣù kẹwàá ọdún yẹn. Staffordshire, North Yorkshire àti Northamptonshire tẹ̀ lé e; Cumbria wọlé ní 2023. (Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ìlú yìí lọ́nà tó bófin mu lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan kọmíṣánnà náà, nítorí Commonwealth. Ẹ kì í dìbò, ẹ kì í ṣílẹ̀kùn.) Ní báyìí, ìjọba ti kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé ipò kọmíṣánnà yóò kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2028, kí iṣẹ́ wọn bọ́ sọ́wọ́ méyọ̀ tàbí àwọn olórí káńsù. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán, ọ̀gá ló fẹ́ yí padà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Owó ọlọ́pàá àti owó panápaná kò sí nínú àpò kan náà, òfin kò sì gbà kí ẹnì kan ṣe ọlọ́pàá kó tún ṣe panápaná. Pé ká wà lábẹ́ ọlọ́pàá kì í ṣe nǹkan tuntun náà: ní Liverpool, ọlọ́pàá ló ń pa iná títí di ọdún 1941, abẹ́ ọlọ́pàá Èkó sì ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1901. Bí a bá jọ lo ilé, tí a jọ lo gáréèjì, inú mi dùn sí i. Ọ̀gá kan ṣoṣo ni mi ò fara mọ́. Ọlọ́pàá lè gba ìwé àṣẹ nílé-ẹjọ́ kó fi wọlé yín. Àwa tá a wá yẹ ilé wò kí iná tó sọ, àfi kí ẹ ní ká máa bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tá a ní ni pé ẹ ò bẹ̀rù wa. Àwọn tó ń ṣírò owó réǹtì ilé tí wọ́n máa rí pa mọ́ kò ṣírò ilẹ̀kùn tí kò ní ṣí.

Kí sì ni a gbé wá? Áláàmù èéfín, ọ̀fẹ́ ni lọ́pọ̀ àgbègbè. Tí èèyàn bá sùn, imú rẹ̀ náà sùn. Èéfín kì í jí ẹnikẹ́ni, ṣe ló ń mú kí oorun wọra sí i. Òfin ti de gbogbo onílé, títí kan káńsù, láti oṣù kẹwàá ọdún 2022: gbogbo àjà ilé tí ayálégbé ń gbé gbọ́dọ̀ ní áláàmù tirẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò. Bó bá pé ọdún mẹ́wàá, ẹ jù ú nù. Ẹ má gbé e kọ́ sí ibi tí ẹ ti ń din ẹja, nítorí ariwo yẹn ni ẹ máa torí ẹ̀ yọ bátìrì rẹ̀. Mo ti bá èyí tí wọ́n fi fìlà ìwẹ̀ dé lórí bí ẹní dé ìkókó ní fìlà. Mo ti bá èyí tí wọ́n fi òróró àdúrà pa. Òróró máa ń jó o, ẹ̀yin èèyàn mi! Bọ̀ọ̀dá kan wà tó ń bá àwọn ará ìjọ rẹ̀ ṣe wáyà, tí kò kọ́ṣẹ́ wáyà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Òun ló ń sọ kiri pé kámẹ́rà Home Office ni iná pupa tó ń ṣẹ́jú lára áláàmù. Mi ò mọye áláàmù tí mo ti fọwọ́ ara mi tú palẹ̀. Iná pupa yẹn ń sọ pé bátìrì wà láàyè, ó tán.

Lásìkò òtútù kan, a dé ẹnu ọ̀nà màmá kan tí mo gbọ́ Ìjẹ̀ṣà lẹ́nu rẹ̀. Ó ká ihò lẹ́tà sókè, ojú rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Panápaná ni wá, áláàmù la fẹ́ bá yín gbé kọ́."

"Ọmọ ta ni ẹ́, tí o ń bá wọn ṣe ọlọ́pàá?"

Ó pa ihò náà dé.

Kò pé oṣù méjì, agogo dún fún wa láago mẹ́ta òru. Àdúgbò kan náà, nọ́ńbà kan náà. Àbẹ́là ló mú kọ́tìnnì. Aládùúgbò ti fà á jáde ká tó dé, àmọ́ bí a ṣe ń tú rọ́bà omi ló yọ́ gba ẹ̀yìn wa padà wọlé. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti bá a, ó dojú bolẹ̀, ó di nǹkan mọ́ àyà. Mo gbé e jáde. Nígbà tí àwọn oní-áńbúláǹsì fi ọ́síjìn sí i nímú, ó lajú, ó rí aṣọ ọrùn mi, ó sì na ọ̀rá tó dì mọ́ àyà náà sí mi. Pásípọ́ọ̀tù wà nínú rẹ̀, káàdì ìgbélùú, lẹ́tà káńsù, gbogbo rẹ̀ ń rùn fún èéfín.

"Ìwé mi pé o," ló wí. "Kà á."