Bí onílé bá kọ̀ láti tún ilé ṣe l'Ékòó: ohun tí òfin fi sọ́wọ́ ayálégbé

L'Ékòó, ọ̀pọ̀ ayálégbé ti gbà pé ẹni tó ni ilé ló ni ọ̀rọ̀. Òrùlé ń jò, ṣọ́kàwéè ti kún dé ẹnu, àtẹ̀gùn ń mì, èsì tí wọ́n sì ń gbọ́ kò ju "bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kó jáde." Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2011 tí Gómìnà Babatunde Fashola ti fọwọ́ sí òfin onílé àti ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ni iṣẹ́ onílé ti wà lákọsílẹ̀, tí iṣẹ́ ayálégbé náà wà níbẹ̀, tí ìjìyà ẹni tó bá fi agbára lé ayálégbé jáde sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òfin yìí kì í dìde fúnra rẹ̀. Ìwé ló ń jí i: lẹ́tà, ríṣíìtì, fọ́tò, ẹ̀dà àdéhùn.

Kò dìgbà tí ènìyàn bá lọ fọwọ́ sí ìwé lọ́dọ̀ lọ́yà kó tó di ayálégbé. Òfin gba àdéhùn ẹnu, ó gba ti ìwé, ó sì gba èyí tí ìṣe àwọn méjèèjì fi hàn. Onílé gba owó, ó fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́, àdéhùn ti wà nìyẹn. Ẹni tó gba yàrá kan nínú ilé fésì-mi-n-fésì-ẹ ní Mushin àti ẹni tó gba fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ní Sùúrùlérè, abẹ́ òfin kan náà ni wọ́n wà. Àdúgbò mẹ́rin ni òfin náà yọ sílẹ̀: Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Ẹni tó bá ń gbé ní ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ka ìwé àdéhùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa wúwo jù bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù.

Ibi tí ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ta ló yẹ kó tún kí ni ṣe. Ara ilé lóde àti gbogbo ibi tí àwọn ará ilé jọ ń lò, ti onílé ni. Inú yàrá, ti ayálégbé ni. Òrùlé, ògiri ìta, gọ́tà, àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá, géètì, ṣọ́kàwéè tí fúláàtì mẹ́fà jọ ń lò, onílé ni yóò tún wọn ṣe. Gílóòbù tó jó, ìlẹ̀kùn yàrá tí ọmọ fọ́, síńkì tí ìrẹsì dí, ayálégbé ni. Ohun tó bá gbó nítorí pé ó ti pẹ́, bí ọ̀dà tó ń bó lára ògiri, òfin kò di ẹrù rẹ̀ lé ayálégbé lórí. Nítorí náà, nígbà tí onílé bá ní kí àwọn ará ilé dá owó jọ láti fi gba páànù tuntun sórí ilé, iṣẹ́ tirẹ̀ ló fẹ́ fi owó wọn ṣe.

Ṣùgbọ́n ojúṣe kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ọrùn ayálégbé ló wà. Bí ohun ńlá kan bá bàjẹ́ lára ilé, òun ni yóò fi tó onílé létí. Ká ní òjò bẹ̀rẹ̀ sí í jò wọlé láti oṣù Kẹrin, tí ayálégbé ń fi báfù gbe omi títí di oṣù Kẹsàn-án, tí àjà wá já lu tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí lọ́yà onílé yóò kọ́kọ́ bèèrè ni ọjọ́ tí wọ́n sọ fún onílé. "Mo sọ fún un nígbà tí a pàdé ní géètì" kì í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní kóòtù.

Lẹ́tà náà kò nílò èdè lọ́yà, kò sì nílò ìbínú. Ó lè rí báyìí:

"Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹfà. Bàbá, ẹ kú ojúmọ́. Òrùlé tó wà lórí pálọ̀ fúláàtì kẹrin ń jò láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Omi ti ń kán sára wáyà iná. Fọ́tò mẹ́rin wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo bẹ̀ yín kí ẹ rán kápẹ́ńtà wá wò ó kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé."

Ohun gbogbo tí adájọ́ lè bèèrè ti wà níbẹ̀: ọjọ́, ibi tó bàjẹ́, ewu tó wà níbẹ̀, ẹ̀rí, àti àkókò tí wọ́n fún onílé. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ̀dà méjì ni kí ayálégbé tẹ̀, kí ẹni tó gba ọ̀kan, ìbáà ṣe onílé tàbí ejẹ́ńtì, fọwọ́ sí èkejì kó sì kọ ọjọ́ sí i. Bó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn tó ń gbé lẹ́tà kiri fún owó, kí wọ́n sì tọ́jú ríṣíìtì wọn. WhatsApp wúlò láti fi fọ́tò àti fídíò ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó máa tẹ̀lé lẹ́tà, kó má rọ́pò rẹ̀.

Yàtọ̀ sí àtúnṣe, onílé kò gbọdọ̀ dá omi tàbí iná tí ilé jọ ń lò dúró, kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ayálégbé, kò sì gbọdọ̀ máa da ìgbésí ayé rẹ̀ láàmú. Kò tilẹ̀ lè ṣàdédé wọlé. Bó bá fẹ́ wo ilé tàbí tún un ṣe, ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé ṣáájú, kó sì wá ní ojúmọmọ ní àsìkò tó bójú mu. Òun náà ló yẹ kó gba ìnṣọ́ránsì sórí ilé, èyí tí ọ̀pọ̀ onílé kò ṣe rí. Bó bá ń gba owó sáfíìsì ṣáàjì, ìyẹn owó tí àwọn ará ilé ń san fún ìtọ́jú ohun tí wọ́n jọ ń lò, ríṣíìtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti owó ilé, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìṣirò lákọsílẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà, nípa bí wọ́n ṣe ná an. Àwọn ayálégbé tó ń dá owó dísù fún jẹnẹrétọ̀ tí kì í tàn yẹ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn lè bèèrè ìwé yìí.

Nígbà tí inú bá ń bí ènìyàn, ohun tó máa ń sọ ni pé òun ò ní san owó ilé mọ́ títí onílé yóò fi tún ilé ṣe. Ewu ńlá ni. Òfin Èkó kò sọ pé ayálégbé lè dá owó dúró nítorí pé onílé kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó sọ ọ́ kedere pé bí ẹni tó ń san owó lóṣooṣù bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, àdéhùn rẹ̀ ti parí, adájọ́ yóò sì dá ilé padà fún onílé bí gbèsè náà bá ti hàn. Báyìí ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ṣe ń di ẹlẹ́bi. Ọ̀nà tó dára ni kí àwọn méjèèjì jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ayálégbé yóò tún òrùlé ṣe, iye báyìí ni, wọn yóò sì yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé tó ń bọ̀. Bí onílé bá kọ ìwé gba àtúnṣe tó bu ẹwà kún ilé, tó sì wá ní kí ayálégbé jáde, òfin gba ayálégbé láyè láti bèèrè owó tó ná sí i.

Bí lẹ́tà kò bá mú èsì wá, ibi tó kàn kò gbọdọ̀ jẹ́ kóòtù. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, tó ti wà láti ọdún 1999, kì í gba kọ́bọ̀. Ayálégbé yóò mú lẹ́tà àti fọ́tò rẹ̀ lọ, wọn yóò kọ ìwé pe onílé, àwọn méjèèjì yóò sì jókòó síwájú onílàjà. Kò ní dájọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí, tí wọ́n sì fọwọ́ sí, kóòtù lè mú un ṣẹ. Ọ̀pọ̀ onílé tí kì í gbé fóònù máa ń yọjú bí wọ́n bá rí ìwé ìjọba. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti kóòtù lóòótọ́, ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí Office of the Public Defender, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń bá aláìní rojọ́.

Ọ̀rọ̀ ewu yàtọ̀. Ṣọ́kàwéè tó ń ṣàn sójú ọ̀nà jẹ́ ọ̀ràn ìlera gbogbo àdúgbò, àwọn wọlé-wọlé ìjọba ìbílẹ̀ sì lè fún onílé ní ìwé pé kó palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Òpó tó là tàbí dẹ́kìn tó ń tẹ̀, LASBCA ló ni èyí, àwọn tó ń bójú tó ilé kíkọ́ l'Ékòó. Kí ayálégbé mọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣá o pé bí wọ́n bá rí i pé ilé náà lè wó, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, gbogbo ará ilé á sì jáde pẹ̀lú ẹrù wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí òpó tó ń là kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ilé tó wó ní alẹ́ ti pa ènìyàn púpọ̀ ní ìlú yìí, àwọn mìíràn sì ti rí ìlà náà lára ògiri ṣáájú.

Onílé tí wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn lè fẹ́ gbẹ̀san, kó fẹ́ lé ayálégbé jáde. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba nótíìsì oṣù mẹ́fà, oníoṣù mẹ́ta tàbí oníoṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ gba ti oṣù mẹ́ta, olóṣooṣù gbọ́dọ̀ gba ti oṣù kan. Lẹ́yìn èyí ni nótíìsì ọjọ́ méje tó ń sọ pé onílé ń lọ sí kóòtù. Bí ọdún tí wọ́n dá nínú ìwé bá ti pé, ọjọ́ méje yìí nìkan ló kù, ó sì máa ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, adájọ́ nìkan ló lè ní kí ayálégbé kó jáde. Onílé tó bá ṣí páànù orí ilé, tó yọ ilẹ̀kùn, tàbí tó rán tọ́ọ̀gì wá dẹ́rù ba ènìyàn kó lè jáde ti ṣẹ̀ sófin: owó ìtanràn tí kò ju ₦250,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ. Bó bá pe ọlọ́pàá, òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Bó bá sì fi àfikún owó ilé gbẹ̀san, ayálégbé lè ní kí kóòtù wò ó bóyá àfikún náà bójú mu. Iye tí wọ́n ń gbà ní àdúgbò náà wà lára ohun tí adájọ́ yóò wò.

Òfin náà ní àlàfo, kò yẹ ká fi pamọ́. Kò ka ọjọ́ tí onílé gbọ́dọ̀ fi tún ilé ṣe, ìdí rẹ̀ nìyí tí lẹ́tà ayálégbé fi gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ fúnra rẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ kò sì yí padà láti 2011. ₦100,000 ni ti onílé tó bá kọ̀ láti fún ènìyàn ní ríṣíìtì, iye kan náà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni ti ẹni tó bá bèèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bẹ́ẹ̀ àwọn ejẹ́ńtì ṣì ń bèèrè owó ọdún méjì ní gbangba. Àbá òfin tuntun dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ní ọdún 2025.

Ọjọ́ tí ayálégbé ń jáde ni owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń wọlé nítorí ohun tó bá bàjẹ́, máa ń dìjà. Onílé tí kò tún òrùlé ṣe rí lè gbé e lé e lórí pé ayálégbé ló ba àjà jẹ́. Fọ́tò ọjọ́ tó wọlé, fọ́tò ọjọ́ tó jáde, àti àwọn lẹ́tà tó ti kọ ni yóò dá a láre. Bí iye náà kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ó lè kọ ìwé bèèrè rẹ̀, kó sì gbé e lọ sí kóòtù ẹjọ́ owó kékeré tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n dá fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ènìyàn sì lè rò ó fúnra rẹ̀ láì gba lọ́yà.