Omi àdúrà tá a ń gbé lọ fìjìl, ibo ló ti wá?

Ẹ bá wọ fìjìl, ìṣọ́ òru, lálẹ́ Fráídè n'Ílọrin, pàápàá lọ́dọ̀ àwa CAC (Christ Apostolic Church), ẹ máa rí i: omi inú ike, omi inú kẹ́ẹ̀gì, píọ̀ wọ́tà pàápàá, gbogbo ẹ̀ á wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, tó bá tó àsìkò pásítọ̀ á ní "ẹ ṣí omi yín", gbogbo ìjọ á ṣí ìdérí, Halelúyà á wá gba ilé kan. Àwọn ọ̀dọ́ wa rò pé Iléṣà ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Rárá o, ó gba Kwara South wa níbí kọjá, ó sì ń dùn mí pé a kì í sọ ọ́.

Lọ́dún 1918, àrùn lúkúlúkú (influenza) ń pa èèyàn káàkiri. Àwọn díẹ̀ nínú sọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan n'Íjẹ̀bú-Òde kóra jọ, wọ́n ń gbàdúrà, Bàbá Joseph Ṣadarẹ́ wà lára àwọn aṣáájú, ìyẹn ló di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Tíṣà obìnrin kan, Sophia Ọdúnlàmí, wà láàárín wọn, wọ́n ní ó gbóhùn pé omi òjò ni káwọn aláìsàn lò. Nígbà tó yá wọ́n fi Áńgílíkà sílẹ̀, wọ́n dara pọ̀ mọ́ ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia l'Amẹ́ríkà, wọn ò lo àgbo, wọn ò lo oògùn òyìnbó, àdúrà nìkan. Àwọn yìí ni Babalọlá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ wá dara pọ̀ mọ́ nígbà tó yá.

Ẹ wá wo ẹni tí Ọlọ́run mú. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá ní Òkè-Erò, Kwara South wa níbí, 1904 ni wọ́n bí i. Kò ka ìwé pásítọ̀ kankan, ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ díẹ̀, ó wá ń wa róólà tí PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà, fi ń tẹ ọ̀nà. October 1928, róólà yẹn kọṣẹ́ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ibi tó ti ń tún un ṣe ló ti gbọ́ tí ohùn pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kó fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Kí ló ṣe tó fi tọ́ sí i? Kò sí. Oore-ọ̀fẹ́ ni, mi ò rí ohun míì tí mo lè pè é.

Odò-Ọwá ni ohùn yẹn kọ́kọ́ rán an sí. Ọjọ́ ọjà ló wọ̀lú, imọ̀ ọ̀pẹ lára ẹ̀, ó ń pariwo pé kí wọ́n ronú pìwà dà, kí wọ́n kó òrìṣà àti oògùn wọn wá kí wọ́n sun ún. Ọjà tú! Àwọn èèyàn ẹ̀ gan-an ní orí ẹ̀ ti dàrú, wọ́n fẹjọ́ ẹ̀ sun ajẹ́lẹ̀ n'Ílọrin kí wọ́n lè lé e kúrò nílùú. Bí ìjọ ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí, kò pẹ́ sígbà náà ni ṣọ̀pọ̀nná wọ̀lú, ẹni tí wọ́n fẹ́ lé yìí náà ni wọ́n tún wá bẹ̀. Ó lè sọ pé ṣebí ẹ ní mo ya wèrè. Kò sọ ọ́. Ilé aláìsàn kan sí ìkejì ló ń wọ̀, ó ń gbàdúrà fún wọn, ara wọn sì yá. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ káwọn èèyàn dúró sí, torí kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń gbé omi tẹ̀ lé e, ó ti dárí ji ará ilé ẹ̀ ná. Wọ́n tún lé e kúrò ní sọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lẹ́yìn ìyẹn, nítorí pé àwọn tó ń kọ́ ní bíbélì ń ríran, wọ́n ń fèdè fọ̀.

July 1930 ni ìsọjí Òkè-Oòyè n'Íléṣà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Èrò wá látibi gbogbo, wọ́n ń da oògùn sílẹ̀, wọ́n ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n ń gbé omi wá kó gbàdúrà sí i, omi ìyè ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1932 ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin, ó jáde, ó tún ń báṣẹ́ lọ, wọ́n forúkọ CAC sílẹ̀ ní 1943, Ẹdẹ ló sì ti sinmi ní 26 July 1959.

Apá ti Òkè-Oòyè, àwọn ará Iléṣà ń sọ ọ́ dáadáa. Apá ti ṣọ̀pọ̀nná Odò-Ọwá yẹn, àwa la ni ín, àwa la máa sọ ọ́ fáwọn ọmọ wa.