Sílípù: tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké, tí mọ́tò ò sì fà

Bí ẹ bá ti gbé ata lọ sídìí ẹ̀rọ rí ní Ọjà Ìpàta ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ yìí ò ní le fún yín. Ọjọ́ míì wà tí ẹ́ńjìnnì á máa ké bíi pé ó fẹ́ fò kúrò nílẹ̀, ata tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ò sì ní sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó ń lọ̀ ọ́ ò ní bá ẹ́ńjìnnì jà. Á pa á, á fọwọ́ tẹ bẹ́líìtì wò. Bẹ́líìtì ti dẹ̀ ni, ó ń yọ̀ lójú ibi tó yẹ kó dì mú, agbára ẹ́ńjìnnì ò sì dé ara ọlọ. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òórùn rọ́bà tó ń jóná ló máa sọ fún gbogbo ọjà.

Nínú mọ́tò, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sílípù nìyẹn gan-an. Ẹ́ńjìnnì ń yí, àmọ́ nǹkan tó yẹ kó gbé yíyí náà dé ẹsẹ̀ táyà ń yọ̀.

Gééjì RPM tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù la fi ń mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ibẹ̀ dúró fún 1,000. Bí abẹ́rẹ́ bá wà lórí 3, ẹ́ńjìnnì ń yí nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ara rẹ̀ ti gbóná, 600 sí 900 ni ti ọ̀pọ̀ mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá wà nínú jíà kan náà lórí eré, abẹ́rẹ́ yìí àti abẹ́rẹ́ eré gbọ́dọ̀ jọ máa gòkè ni. Bí ọ̀kan bá fò sókè tí èkejì jókòó, nǹkan ń yọ̀ láàárín wọn.

Mo wọ takisí kan rí láti Post Office lọ sí Tańkẹ. Nissan Sunny àtijọ́ ni. Ká tó dé Típà Gáréèjì, awakọ̀ tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ láti ya ọkọ̀ kan sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ RPM fò láti 2 dé 4, ti eré ò kúrò lórí 40. Àlájà kan tó jókòó lẹ́yìn bèèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé à ń lọ àbí à ń bọ̀?” Awakọ̀ ní, “Àlájà, ẹ má bínú, púlọ́ọ̀gì ni. Mà á pààrọ̀ ẹ̀ lọ́la.”

Kì í ṣe púlọ́ọ̀gì. Púlọ́ọ̀gì tó bá kú á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa wúkọ́, kó máa jà, kó má sì lè ké dáadáa. Tirẹ̀ ń ké ju bó ṣe yẹ lọ, àárẹ̀ ò sí lára ẹ́ńjìnnì. Owó púlọ́ọ̀gì yẹn, sínú omi ló lọ.

Nínú ọkọ̀ oní-máńúà, kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, lẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Díìsìkì rẹ̀ dà bí àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi nǹkan tó máa ń di ara mú bò níwá àti lẹ́yìn. Sípíríǹgì inú kọ́fà, ìyẹn ìdérí irin rẹ̀, ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara flywheel, àwo irin ńlá tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Bí ìbòrí yẹn bá jẹ tán, kò sóhun tó máa dì mú mọ́. Awakọ̀ tó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì láti Challenge dé ilé ló ń tètè jẹ ẹ́ (àwọn awakọ̀ wa ò sì ní gbà pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀). Nígbà míì, síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló ń jò, tí óòlì fi kán sára díìsìkì. Tàbí kí wáyà kílọ́ọ̀ṣì le jù, tí kò jẹ́ kó padà tán.

Ẹ wá ojú ọ̀nà tó tẹ́, tí ọkọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wọ jíà 3 tàbí 4 ní bíi 2,000, kẹ́ ẹ wá tẹ tọ́rótù wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kílọ́ọ̀ṣì tó gbó á jẹ́ kí abẹ́rẹ́ fò. Orí òkè ló tún ti máa ń hàn jù. Ẹni tó bá fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà Òmù-Àrán pẹ̀lú ẹrù iṣu á rí i kedere. Ẹ gbóòórùn: bíi ìwé tó ń jóná ló rí.

Bẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀, ẹ pààrọ̀ díìsìkì, kọ́fà àti bíárìn lẹ́ẹ̀kan náà. Sísọ jíà kalẹ̀ ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ta ló fẹ́ san owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Bí óòlì bá wà lára èyí tí wọ́n tú, kí wọ́n pààrọ̀ síìlì kí wọ́n tó dé tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun náà á yọ̀.

Oní-ọ́tò ò ní pẹ́dáálì kílọ́ọ̀ṣì. Óòlì ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú jíà rẹ̀. Ẹ fa gééjì óòlì jíà yọ, tó bá ní, kẹ́ ẹ nù ún sára aṣọ funfun. Pupa ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà tó bá ṣì dára. Bó bá ti dúdú, tó ń rùn bí nǹkan tó jóná, ara jíà ti ń jẹ. Bó bá kàn dínkù ni, ẹ wá ibi tó ti ń jò. Ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Ọ̀pọ̀ Honda, wọ́n á kọ́kọ́ pa á. Ìwé ìtọ́ni tó bá ọkọ̀ wá ni kẹ́ ẹ gbọ́ tiẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ké fúnra rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe sílípù. Ẹ wo bóyá afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi rọ́bà tó ya, tàbí ìdọ̀tí ò jẹ́ kí ẹnu tọ́rótù padé tán, tàbí kápẹ́ẹ̀tì ló ká mọ́ pẹ́dáálì. Àwọn ọkọ̀ CVT (oní-ọ́tò tí kì í fò láti jíà kan sí èkejì) náà a máa ké sókè tẹ́ ẹ bá tẹ̀ wọ́n gan-an, bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ọ̀ffà ń pariwo pé jíà Camry tòkunbọ̀ òun ti bàjẹ́, pé lórí eré, abẹ́rẹ́ kì í sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ti bá a dá owó jíà mìíràn. Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù, mo rí iná kékeré kan: O/D OFF. Ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnnì ara ọ̀pá jíà, ọkọ̀ ò sì lè wọ jíà 4. Mo ní, “Bùrọ̀dá, ẹ tẹ ibí yìí.”